Òǹtẹ̀ Ara Ẹran: Dókítà Ẹranko Tó Ń Ṣiṣẹ́ fún Ìjọba

Oríṣi dókítà ẹranko méjì ni ó wà láwùjọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n kọ́ ní yunifásítì kí Ìgbìmọ̀ Àwọn Dókítà Ẹranko ti Nàìjíríà tó forúkọ wọn sílẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀: ajá ẹni ṣàìsàn, adìẹ ẹni ń tòògbé, a ké sí i, ó gún un lábẹ́rẹ́, a sanwó fún un, ó bá tirẹ̀ lọ. Ti èkejì ni èyí tí ìjọba gbà síṣẹ́ láti máa ṣọ́ ìlera ẹran ọ̀sìn ní odidi àgbègbè kan, láti ọjà màlúù dé odò ẹran, láti ẹnu ibodè dé oko adìẹ; ẹni tó ni ẹran kì í sábà ké sí i, inú rẹ̀ kì í sì í dùn nígbà tó bá rí i. Ẹni tí dókítà kejì yìí ń ṣiṣẹ́ fún kò sí níbẹ̀ rárá: ó wà ní ilé rẹ̀, ó ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kaná, kò sì mọ̀ pé ó yẹ kí ẹnì kan ti yẹ ẹran tó fẹ́ sè wò kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ní ìlú Ìbàdàn, bí wọ́n bá dárúkọ fẹ́tínárì, ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba ìpínlẹ̀ tó wà ní Mọ́kọ́lá ni ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lọ sí, ibi tí wọ́n ń gbé ajá lọ gba abẹ́rẹ́. Nínú ọjà, ọ̀pọ̀ ni kò mọ ìyàtọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ yìí àti wolé-wolé, ẹni tí ìjọba àtijọ́ máa ń rán wọ ojúlé láti yẹ inú ìkòkò omi wò. Orúkọ náà sì ti sọ bí aráàlú ṣe ń wò ó, ẹni tó wá wá ẹ̀ṣẹ̀ sí ènìyàn lẹ́sẹ̀.

Inú òfin ni agbára ọwọ́ rẹ̀ ti wá. Òfin Ìkápá Àrùn Ẹranko tí ìjọba ológun gbé jáde ní ọdún 1988 fún un láṣẹ láti wọ ibikíbi tí wọ́n ti ń sin ẹran, láti dá ọkọ̀ tó kó ẹran dúró, láti fi ẹran sí ìsémọ́, èyí tí í ṣe pé kí a yà á sọ́tọ̀ fún iye ọjọ́ kan títí a ó fi mọ̀ bóyá àrùn wà lára rẹ̀, àti, bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, láti pàṣẹ pé kí wọ́n pa ẹran tó lárùn, kí wọ́n sì sun ún tàbí kí wọ́n rì í mọ́lẹ̀. Òfin kan náà gbé ẹrù lé ọlọ́sìn lórí pẹ̀lú, nítorí ó sọ ọ́ di dandan fún un láti fi tó àwọn aláṣẹ létí nígbà tó bá fura sí irú àwọn àrùn tí òfin dárúkọ. Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1999 wá pín iṣẹ́ náà láàárín ìjọba: ọ̀rọ̀ ìsémọ́ wà lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, kíkọ́ odò ẹran àti àbójútó rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sì ní àwọn dókítà ẹranko tirẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ yọ ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn kúrò lábẹ́ ètò ọ̀gbìn, wọ́n sì kéde pé yóò ní ilé iṣẹ́ ìjọba tirẹ̀. Ètò náà gún lórí ìwé. Lójú títì, màlúù kan tó kúrò ní Sókótó, tó gba Jẹ́bà kọjá odò Ọya, tó sì sọ̀kalẹ̀ sí Èkó, lè bá òṣìṣẹ́ ìjọba mẹ́ta pàdé láìsí pé ẹnì kan nínú wọn mọ ohun tí ẹnì kejì rí lára rẹ̀.

Odò ẹran ni iṣẹ́ yìí ti hàn sójú jù, nítorí pé ibẹ̀ ni inú màlúù ti ń là sílẹ̀ kí dókítà lè rí ohun tí awọ ti bò mọ́lẹ̀. Ayẹ̀wò méjì ni ó wà níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà tí màlúù ṣì wà láàyè, lẹ́yìn tí ó bá ti sinmi, tó ti mu omi, nítorí pé ó yẹ kí ẹran tó rìn jìnnà ní wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láti fi mí kí ọ̀bẹ tó kàn án. Dókítà á wo bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀, bóyá imú rẹ̀ tutù tàbí ó gbẹ, bóyá itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀, bí èémí rẹ̀ ṣe ń wọlé tó ń jáde, àti bóyá ó ń jẹ àpọ́jẹ, ìyẹn oúnjẹ tí màlúù ń pọ̀ padà sẹ́nu láti tún un jẹ, nítorí pé màlúù tí ara rẹ̀ kò dá kì í sábà jẹ ẹ́. Ó tún yẹ kí ó béèrè ìgbà tí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ gbẹ̀yìn, nítorí pé oògùn apakòkòrò máa ń pẹ́ nínú ẹran. Irú oxytetracycline tí wọ́n ṣe láti máa ṣiṣẹ́ lọ fún ọjọ́ púpọ̀ lè gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹran náà tó yẹ ní jíjẹ. Ìdáhùn tó sábà máa ń gbà ni pé kò sẹ́ni tó gún un ní nǹkan kan.

Ayẹ̀wò kejì ni ó gba ọ̀bẹ. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dú màlúù, tí wọ́n ti bó o, tí wọ́n sì ti la ikùn rẹ̀, orí ni dókítà ti ń bẹ̀rẹ̀. Á la ẹran ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní ìbú, nítorí pé inú àwọn iṣan tó ń ṣiṣẹ́ gidi, bí ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, ahọ́n àti ọkàn, ni ọmọ aràn gbọọrọ fẹ́ràn láti lúgọ sí, tí á máa dà bí hóró funfun kékeré tó kún fún omi. Ènìyàn tó bá jẹ ẹ́ láìjiná ni ó ń gbé àgbà aràn náà kiri nínú ìfun. Lẹ́yìn èyí ni ó kan fùkù, bí àwọn ẹlẹ́ran ṣe ń pe ẹ̀dọ̀fóró màlúù. Kì í kọ́kọ́ gé e. Àtẹ́lẹwọ́ ni yóò fi tẹ̀ ẹ́ káàkiri, nítorí pé fùkù tó dá ṣáká máa ń fúyẹ́, ó sì máa ń rọ̀ bí fóòmù, ṣùgbọ́n èyí tí ikọ́ ife ti wọ̀ á ní kókó líle tí ọwọ́ máa ń kàn kí ojú tó rí i. Bí ọ̀bẹ bá wọ inú irú kókó bẹ́ẹ̀, á máa dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń gé ohun tí iyanrìn wà nínú rẹ̀, ohun tó sì wà nínú rẹ̀ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, á dì bí wàrà tó ti gbẹ. Bákan náà ni yóò la àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí ara ẹran ní fún sísé àrùn lọ́nà, èyí tó wà lẹ́yìn ọ̀fun, èyí tó wà láàárín ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì, àti àwọn tó tò mọ́ ara ìfun, nítorí pé ibẹ̀ ni àrùn kọ́kọ́ ń dúró sí. Bí ó bá jẹ́ ojú kan péré ni ikọ́ ife wà, ibi náà ni wọn yóò gbà. Bí ó bá ti tàn káàkiri, odidi màlúù ni yóò lọ.

Ikọ́ ife màlúù kì í ṣe àrùn ẹranko nìkan, nítorí bakitéríà tó ń fà á, tí wọ́n ń pè ní Mycobacterium bovis, lè ti ara màlúù ran ènìyàn, pàápàá nípasẹ̀ wàrà tútù tí kò kan iná àti nípasẹ̀ èémí ẹran tó ń ṣàìsàn. Àwọn tó súnmọ́ ọn jù ló wà nínú ewu jù, ìyẹn darandaran, alápatà, àti dókítà fúnra rẹ̀. Ní ti ẹ̀dọ̀, aràn kan wà tó pẹlẹbẹ bí ewé, tí gígùn rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti ìka ọwọ́, tó ń gbé nínú ọ̀nà òróòro màlúù tó jẹko létí àbàtà níbi tí ìṣáwùrú wà, nítorí inú ìṣáwùrú ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ènìyàn kì í kó aràn yìí láti inú ẹ̀dọ̀ tó jẹ, ara ewéko etí omi ni a ti ń kó o, síbẹ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba á gé apá tí ó bà jẹ́ dànù, ọ̀rọ̀ yìí sì wà lára ohun tí òun àti alápatà máa ń fà jù, nítorí alápatà náà ti jẹ irú ẹ̀dọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, kò sì kú.

Ẹran tó bá yege ni wọ́n ń lu òǹtẹ̀ mọ́ lára pẹ̀lú yíǹkì elése àlùkò tí kò léwu ní jíjẹ. Ibi itan àti èjìká ni òǹtẹ̀ náà sábà máa ń wà, kí wọ́n sì tó gé ẹran wẹ́wẹ́ sórí tábìlì ní ọjà Ọjẹ́ tàbí ní Agége, ó ti pòórá. Ìyá tó ń ra ẹran ẹgbẹ̀rún náírà méjì lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ogún ọdún láìfojú kan òǹtẹ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ nítorí tirẹ̀ ni wọ́n ṣe lù ú.

Ojú alápatà yàtọ̀ sí ti dókítà, ó sì yẹ kí a wo ọ̀rọ̀ náà láti ibi tí ó dúró sí. Àwìn ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń gba màlúù lọ́wọ́ oníṣòwò, lẹ́yìn títà ni wọ́n ń san owó rẹ̀, èrè tó wà nínú ẹran kan kò sì ju ohun tí inú ẹran yóò mú wá lọ nígbà mìíràn: ṣàkì, àbọ̀dì, ẹ̀dọ̀, fùkù. Bí òṣìṣẹ́ ìjọba bá gba fùkù àti ẹ̀dọ̀, èrè ọjọ́ náà ti bá a lọ. Bí ó bá gba odidi màlúù, gbèsè ni alápatà gbé lọ sílé. Nítorí náà ni ọmọ kékeré kan ṣe lè gbé fùkù sínú abọ́ kí ó sì gba ẹ̀yìn jáde nígbà tí dókítà ń la ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, nítorí náà náà sì ni àwọn kan ṣe ń pa ẹran lẹ́yìnkùlé láàárín òru. Òṣìṣẹ́ kan lè ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ màlúù láti yẹ̀ wò láàárín wákàtí díẹ̀, kí ó dá dúró láàárín àwọn ọkùnrin tó mú ọ̀bẹ lọ́wọ́, tí inú ń bí. Àwọn tó ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ àárọ̀ yìí kì í tilẹ̀ ṣe dókítà, àwọn onímọ̀ ìlera ẹranko ni, irú àwọn tí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Móò Plantéṣàn, Ìbàdàn, ń kọ́. Bí ọ̀rọ̀ odò ẹran ṣe lè le tó hàn ní oṣù Kẹfà ọdún 2018, nígbà tí wọ́n fẹ́ fi agbára kó àwọn ẹlẹ́ran Bódìjà lọ sí odò ẹran ìgbàlódé tí wọ́n kọ́ sí abúlé Àmọ̀sún ní ìjọba ìbílẹ̀ Akínyẹlé: ìjà bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì bá a lọ.

Àrùn kan wà tí iṣẹ́ dókítà nínú rẹ̀ ni pé kí ó má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀bẹ kan ẹran. Anthrax ni. Màlúù tàbí ewúrẹ́ tó lè ti jẹko dáadáa lálẹ́ á kú lójijì, ẹ̀jẹ̀ dúdú tí kì í dì á máa jáde nímú, lẹ́nu àti ní ihò ìdí rẹ̀, òkú rẹ̀ á sì wú kíákíá. Bí wọ́n bá la irú òkú bẹ́ẹ̀, bakitéríà inú rẹ̀ tó bá kan afẹ́fẹ́ á bo ara rẹ̀ ní ìgbá líle, á wọ inú ilẹ̀, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kódà lẹ́yìn ìgbà tí ẹni tó la òkú náà ti kú, títí ẹran mìíràn yóò fi wá jẹko lójú ibẹ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń sun ún tàbí tí wọ́n fi ń rì í jìn wọlẹ̀, tí wọ́n sì ń gún àwọn ẹran tó kù ní àgbègbè náà lábẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí àrùn náà ti pa ènìyàn ní àríwá orílẹ̀-èdè Gánà, ilé iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ti ìjọba àpapọ̀ gba àwọn ará Nàìjíríà nímọ̀ràn pé kí wọ́n yẹra fún pọ̀nmọ́, ẹran yíyan àti ẹran ìgbẹ́. Ọ̀pọ̀ fi ìmọ̀ràn náà ṣe ẹ̀fẹ̀, àwọn tó ń ta pọ̀nmọ́ sì bínú, ṣùgbọ́n ó ní ìdí: awọ kì í sọ bí ẹran tó ni ín ṣe kú, ẹni tó bá sì ní òkúǹbete lọ́wọ́ lè rí awọ rẹ̀ tà nígbà tí kò rí ẹran rẹ̀ tà. Ní oṣù Keje ọdún náà, àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé anthrax ti wà lára ẹran ọ̀sìn ní ìpínlẹ̀ Niger.

Ilé ìwádìí tí irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ń lọ sí ni ti Vom, lẹ́bàá Jos, tó ti wà láti ọdún 1924, tó sì ń ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ẹran fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Ibẹ̀ kan náà ni wọ́n lè gbé orí ajá lọ, kí wọ́n yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, bí wọ́n bá fura pé dìgbòlugi ló pa á. Ajá tó bá bu ènìyàn jẹ, tó ṣì wà láàyè, kò yẹ kí wọ́n lù ú pa. Ọjọ́ mẹ́wàá ni dókítà ń sé e mọ́lé tí á máa ṣọ́ ọ, nítorí bí dìgbòlugi bá ti wà nínú itọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ tó bu ènìyàn jẹ, kò ní ré kọjá ọjọ́ mẹ́wàá náà kí àìsàn tó hàn lára rẹ̀. Ẹni tí ó bù jẹ kò ní jókòó de ọjọ́ mẹ́wàá: ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn ni yóò fi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó sì forí lé ilé ìwòsàn fún abẹ́rẹ́, nítorí àrùn tí kò ní ìwòsàn mọ́ bí ó bá ti fara hàn ni.

Ọ̀rọ̀ owó tí alápatà ń bá dókítà fà ní odò ẹran tún yọjú ní ibi tó tóbi ju ibẹ̀ lọ ní ọdún 2006. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejì ọdún náà ni wọ́n kéde pé fulú ẹyẹ, irú H5N1, ti dé oko adìẹ ńlá kan ní agbègbè Jájì ní ìpínlẹ̀ Kàdúná, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọn yóò rí i ní ilẹ̀ Áfíríkà. Adìẹ tó ń kú rẹpẹtẹ nígbà ọyẹ́ kò ṣàjèjì sí ọlọ́sìn Nàìjíríà, nítorí àsìkò náà ni lùkúlùkú máa ń jà, ojú lásán kò sì lè ya àrùn méjèèjì sọ́tọ̀. Ilé ìwádìí kan ní ìlú Padua ní Ítálì ni ó fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Iṣẹ́ tó wá já lé àwọn dókítà ìjọba lọ́wọ́ ni pé kí wọ́n wọ oko, kí wọ́n pa adìẹ tó ń ṣàìsàn àti èyí tó ń sáré kiri pọ̀, nítorí àrùn tó ń tàn káàkiri bẹ́ẹ̀ kì í dúró de ẹ̀rí. Kò sí ọlọ́sìn tó fẹ́ ké sí ẹni tó ń bọ̀ wá pa gbogbo adìẹ rẹ̀. Ìjọba rí èyí, ó sì kéde owó gbà-má-bínú, náírà 250 lórí adìẹ kan. Ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn ráhùn pé kò tó iye tí adìẹ ń lọ lọ́jà, wọn kò sì jayò pa, nítorí ẹni tó bá gbọ́n á ti kó tirẹ̀ lọ sọ́jà kí òṣìṣẹ́ tó dé, yóò sì kó àrùn náà dání. Ní oṣù Kìíní ọdún 2007, obìnrin ọmọ ọdún 22 kan kú ní Èkó, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí àyẹ̀wò fi hàn pé àrùn náà pa ní Nàìjíríà.

Iṣẹ́ tó tóbi jù tí àwọn dókítà yìí tíì ṣe rí kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ ẹlẹ́ran, bóyá nítorí náà ni ó fi yọrí sí rere. Rinderpest, àjàkálẹ̀ àrùn tó wọ ìhà ìlà-oòrùn Áfíríkà ní nǹkan bí ọdún 1887, pa èyí tó pọ̀ jù nínú màlúù níbi púpọ̀ tó dé, ebi sì pa àwọn ẹni tó gbára lé wàrà àti ẹran. Abẹ́rẹ́ tí Walter Plowright ṣe ní Muguga ní Kẹ́ńyà, tí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo rẹ̀ ń dáàbò bo màlúù títí ọjọ́ ayé rẹ̀, ni wọ́n gbé dání láti ibùdó darandaran kan dé òmíràn. Àwọn darandaran mú ẹran wọn jáde nítorí pé bí wọ́n ṣe mú wọn wá ni wọ́n ṣe ń dà wọ́n padà. Ètò tó bẹ̀rẹ̀ ní àyíká adágún Chad ní ọdún 1962 fẹ́rẹ̀ẹ́ parí àrùn náà ní ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ṣùgbọ́n wọ́n dẹwọ́ kí ó tó tán pátápátá, ó sì padà ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tó pa ọ̀pọ̀ màlúù ní Nàìjíríà kí wọ́n tó tún dìde sí i. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2011, Àjọ Ìlera Ẹranko Lágbàáyé tó wà ní Paris kéde pé kò sí rinderpest mọ́ láyé. Lẹ́yìn ṣọ̀pọ̀ná, òun ni àrùn kejì tí ọmọ ènìyàn pa run.

Ohun tó yàtọ̀ láàárín ibùdó darandaran ìgbà náà àti odò ẹran òwúrọ̀ òní kò ju ọ̀rọ̀ ẹni tó ń ru òfò lọ. Òfin gbà pé kí wọ́n gba fùkù tó ní kókó, gbogbo ènìyàn tó bá jẹ ẹran ní ìlú sì ni ó ń jàǹfààní rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan ṣoṣo ni ó ń san owó rẹ̀, ẹni náà ni alápatà tó gba màlúù láwìn. Ìjọba ìbílẹ̀ tó ń gba owó lórí màlúù kọ̀ọ̀kan tí wọ́n pa ní odò ẹran rẹ̀ lè yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún gbà-má-bínú, kí ó sì ní kí ẹni tó bá fẹ́ gbà á mú fùkù náà wá fúnra rẹ̀. Títí di ìgbà náà, ọmọ kékeré tó ń gbé abọ́ gba ẹ̀yìn jáde yóò máa rí iṣẹ́ ṣe.